Ojú irin Àjàṣẹ́ sí Pobè: ohun tó kù nílẹ̀, àti bí a ṣe lè dá a mọ̀

Ẹni tó bá gba Sakété lọ sí Pobè lónìí, taksí àti zémidjan ni yóò rí. Láyé àwọn bàbá wa, ọkọ̀ ojú irin ń gba agbègbè yìí kọjá. Ìjọba Faransé ló la ọ̀nà náà láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ó sì ti dé Pobè kí ogun 1914 tó bẹ̀rẹ̀. Epo pupa àti ekùrọ́ ni wọ́n bá wá. Ẹrù oko wa ti pọ̀ ju ohun tí orí àti èjìká lè rù dé etí òkun lọ. Nígbà tí wọ́n so ó mọ́ ti Kútọnu, láti Kútọnu dé Pobè di kìlómítà 107, nínú 578 tí orílẹ̀-èdè wa ní lápapọ̀. OCDN, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1959 fún àwa àti Niger, ló ń bójú tó o. Lẹ́yìn tí Dahomey di Bénin ní 1975, orúkọ rẹ̀ di OCBN.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa ń bi wá pé: níbo ni wọ́n ti ń tún un ṣe? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọkọ̀ ayé ìgbà yẹn. Igi tàbí èédú ni wọ́n fi ń dáná sí i, omi á hó, ooru rẹ̀ á máa ti irin, irin á máa yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Kò lè rìn jìnnà kó má mu omi. Ibi tó bá ń sùn gbọ́dọ̀ ní àgbá omi lókè, kòtò gígùn tí wọ́n ń da eérú sí, àti ọ̀nà tí wọ́n á fi yí orí ọkọ̀ padà. Ní ibùdó ńlá, wọ́n á kọ́ ilé roboto tí Faransé ń pè ní rotonde: afárá irin kan wà láàárín rẹ̀ tó ń yí, orí ọkọ̀ á gùn ún, wọ́n á wá yí i sí ẹnu yàrá tirẹ̀. Ẹ má wá irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa o! Ọ̀nà kékeré ni tiwa, Kútọnu ni ilé àtúnṣe ńlá wà. (Àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin yìí kì í ṣe ọ̀lẹ: nígbà tí wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ ní Sẹ̀nẹ̀gàl ní oṣù kẹwàá 1947, àwọn ti Dahomey náà dá a sílẹ̀.)

Kí la lè rí nínú oko wa nígbà náà? Ọkọ̀ ojú irin kì í fẹ́ òkè, kì í sì í fẹ́ kọ́nà. Bí ẹ bá rí ipa ọ̀nà tó tọ́ gbọnrangandan, tí wọ́n kó ilẹ̀ jọ sábẹ́ rẹ̀ níbi tó rẹlẹ̀, tí wọ́n sì gbẹ́ ilẹ̀ níbi tó ga, ẹ dúró wò ó dáadáa. Ẹ wo òkúta pẹ̀lú. Ilẹ̀ pupa wa kì í sábà ní òkúta, nítorí náà òkúta wẹ́wẹ́ tí etí rẹ̀ mú, tó tò lọ bẹẹrẹ, ẹnìkan ló kó o wá. Irin ìdábùú tí ojú irin máa ń gùn lé náà wà, torí ikán kì í jẹ irin bó ṣe ń jẹ igi. Ó dà bí ọpọ́n tí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀. Ẹ lè bá a lórí gọ́tà, tí wọ́n fi ṣe afárá, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Bí irin méjì bá ṣì wà lójú ilẹ̀, ẹ wọn àárín wọn: mítà kan ni.

Àwọn tó ń ra irin àlòkù ni wọ́n ń yára jù wá lọ. Ẹni tó bá ta ọ̀kan, owó ọjọ́ méjì ló gbà, àmì ọ̀nà náà sì ti lọ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tún wà níbẹ̀: ipa ojú irin, ti ìjọba ni. Kí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ béèrè ní mairie kó tó san owó.

Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 10 ní 1950 ti lé ní 80 báyìí. Tí ẹ bá lọ bá bàbá tàbí ìyá bẹ́ẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, ẹ kí wọn, ẹ má sọ pé kí wọ́n sọ ìtàn. Ẹ bi wọ́n pé: níbo ni ọkọ̀ ti ń mu omi? Ta ló ń ta àkàrà ní gáà? Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n fi ọwọ́ júwe ibẹ̀ fún yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.