Láti ìdájí di alẹ́ pẹ̀lú fóònù kan ní Àjọwá

Aago 5:30 ìdájí. Iná ọba ti lọ láti alẹ́ àná, àmọ́ bátìrì fóònù náà ti kún láti ara páwà báńkì. Infinix Note 40 Pro ni, irú èyí tí kò ní 5G, tó jáde ní oṣù kẹta ọdún 2024. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ olùkọ́ ló fẹ́ ra irú rẹ̀. Kì í ṣe géèmù ló fẹ́ fi ṣe. Ó fẹ́ máa fi gba ohùn àwọn àgbà ìlú sílẹ̀, ó sì bẹ̀ mí kí n lò ó ní Àjọwá ní Àkókó láti àárọ̀ dalẹ́ kí òun tó ná owó òun.

Owó náà kì í sì í ṣe kékeré. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ni ìjọba ní kí ọjà máa dá iye náírà, dọ́là kan tó wà ní nǹkan bíi 460 náírà sì ti kọjá 1,500 kí oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e tó parí. Owó oṣù tó kéré jù di 70,000 náírà ní oṣù keje ọdún 2024. Fóònù tí àwọn oníṣòwò ń pè ní olówó pọ́ọ́kú yìí kọjá owó oṣù mẹ́ta òṣìṣẹ́ tó ń gba iye yẹn.

Aago 8. Mo gba ọ̀nà Arigidi wọ Àjọwá. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ń wá, ó ń lọ. Ẹni tí kò ní 5G kò pàdánù ohunkóhun lójú ọ̀nà yìí.

Aago 9:30. Ibí gan-an ni iṣẹ́ wà. Àwọn ìlú tó para pọ̀ di Àjọwá, irú bí Uro àti Ojo, ní èdè tiwọn. Ará ilé èdè Arigidi làwọn onímọ̀ èdè kà wọ́n sí. Wọn kì í ṣe ẹ̀ka èdè Yorùbá lásán. Yorùbá wà lórí pátákó ìtẹ̀wé fóònù yìí, Uro kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pa á mọ́ lónìí, ohùn ni yóò kọ́kọ́ kó jọ.

Màmá kan tó ń sọ Uro jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi máńgòrò, àwọn adìyẹ ń jẹ̀ kiri. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo gbé fóònù sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

“Ọmọ mi, ṣé nǹkan pẹlẹbẹ yìí ló máa gbọ́ mi?”

“Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ẹ máa sọ ọ́ bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ nílé.”

Wọ́n sọ ìtàn oko, wọ́n wọ inú orin, wọ́n dúró, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Mo ti fi áàpù tó ń gba ohùn ní WAV sórí rẹ̀, torí ohùn tí fóònù bá fún mọ́ra kó lè kéré máa ń pàdánù díẹ̀ nínú ara rẹ̀, èdè tó gbára lé ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kò sì yẹ ní fífi ṣe bẹ́ẹ̀. Wákàtí kan irú ohùn bẹ́ẹ̀, ní 48 kHz àti bit 16, tí máíkì kan ṣoṣo gbà, kò ju nǹkan bíi 346 MB lọ. Àyè 256 GB tó wà nínú fóònù yìí lè gba ju 500 wákàtí lọ. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, èyí ló ṣe pàtàkì jù lójú mi. Nígbà tí mo jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n pa ojú dé, wọ́n sì ń tún ọ̀rọ̀ ara wọn sọ tẹ̀lé e. Ohùn wọn já gaara. Atẹ́gùn náà ò gbẹ́yìn, ó ń fẹ́ wọ inú rẹ̀. Máíkì kékeré tí à ń há mọ́ aṣọ ló lè kápá ìyẹn.

Aago 12 ọ̀sán. Oòrùn mú ganrín-ganrín. Ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù náà lè dé 1,300 nits níbi tó pọ̀ dé. Mo ka iṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ láì fi ọwọ́ ṣíji bò ó. Mo ya màmá ní fọ́tò. Transsion, tó ni Infinix, Tecno àti itel, wà ní Shenzhen, àmọ́ Áfíríkà ni ọjà wọn ti kọ́kọ́ gbòòrò, wọ́n sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe kámẹ́rà tó mọ awọ dúdú yà. Kámẹ́rà ńlá rẹ̀ jẹ́ 108 megapixel. Ojú méjì yòókù jẹ́ 2 megapixel péré, kò sì sí èyí tó ń fẹ ojú àwòrán, nítorí náà mo ní láti fà sẹ́yìn dé ẹnu ọ̀nà kí n tó lè kó gbogbo agbo ilé pọ̀. Fídíò 4K kò sí. Helio G99 Ultimate tó ń ṣe iṣẹ́ ọpọlọ nínú rẹ̀ kì í kọjá 2K.

Aago 2. Mo fi í sí iná lára jẹnẹrétọ̀ onígèrígèrí. Ṣájà rẹ̀ jẹ́ 70W, ó sì yára gan-an, ìbùkún ńlá ni fún ẹni tí epo bẹntiróòlù ń jó mọ́ lọ́wọ́. Ó tún lè gba iná láìsí wáyà, pẹ̀lú mágínẹ́ẹ̀tì, irú ohun tí Apple gbé wá sórí iPhone 12 ní ọdún 2020. N kò rí ohun tí ìyẹn fẹ́ ṣe fún olùkọ́ kan ní Àkókó.

Aago 4, Ìkàrẹ́. Mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe nínú ọjà. Ó na ìka sí etí ojú fóònù náà tó rọ̀ wálẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n, irú ojú yìí, tó bá fọ́, owó ńlá ni. Èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ ló dáa.” Mo gbà á gbọ́.

Aago 6. Ohun tó ń dùn mí jù kò hàn lójú. Wọ́n ṣèlérí ìyípadà Android méjì fún un, àti oṣù 36 tí wọ́n fi máa dí ihò tí olè lè gbà wọlé. Samsung Galaxy S24 àti Google Pixel 8 gba ìlérí ọdún méje. Àwọn ará wa máa ń lo fóònù títí yóò fi kú, owó báńkì wọn sì wà nínú rẹ̀. Níbí ni àlàfo olówó gọbọi àti olówó díẹ̀ ti fẹ̀ jù.

Aago 9 alẹ́. Mo pe ọ̀rẹ́ mi. Mo ní kó fi Pro sílẹ̀, kó ra Note 40 lásán: ojú tirẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ̀rọ ọpọlọ kan náà ló wà nínú rẹ̀, kámẹ́rà ńlá 108 megapixel náà sì wà níbẹ̀, ṣájà rẹ̀ tó jẹ́ 45W ló kéré sí ti èyí. Kó fi owó tó bá ṣẹ́kù ra máíkì àfihámọ́ṣọ, kó máa da ohùn tó bá gbà sórí kọ̀ǹpútà lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kó sì má pẹ́ kó tó lọ sí Àjọwá. Màmá ní orin ìgbéyàwó kù tí àwọn kò tíì kọ.