Ilé Tí A Fi Dógò àti Ilẹ̀ Ẹ̀yìnkùlé Rẹ̀

Títa díẹ̀ lára ilẹ̀ ilé tí gbèsè wà lórí rẹ̀ ti ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹbí, nílé àti lẹ́yìn odi. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ ibi tí ọ̀ràn yìí ti ṣẹ̀ wá.

Àwọn baba wa mọ ìdógò kí Òyìnbó tó dé. Wọn a fi oko dógò, wọn a fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà. Ṣùgbọ́n bí ó ti wù kí ọdún pọ̀ tó, ẹni tí ó bá san owó a gba oko rẹ̀ padà.

Èkó ni ìṣe yìí ti kọ́kọ́ yí padà. Ní ọjọ́ 6 oṣù Ògọ́sì 1861 ni Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tí ó fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Láìpẹ́, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún ènìyàn ní ìwé ilẹ̀, orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni ó sì sábà máa ń wà lórí rẹ̀. Oníṣòwò a gbé ìwé náà lọ fún ilé ìṣòwò Òyìnbó, a fi gba ọjà àwìn, kí ó lè fi epo pupa san án. Bí owó epo bá já wálẹ̀, ilé a bọ́ sórí gbàǹjo, àwọn ará ilé tí kò mọ̀ nípa gbèsè a sì di aláìnílé.

Nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole, ní 1908 sí 1909, lórí ilé Olóyè Mabinuori tí ó kú ní 1874, ilé-ẹjọ́ gbà pé ilé ẹbí kì í ṣe ti ẹnì kan. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 tún fi gómìnà kún un: láìsí ìyọ̀ǹda rẹ̀, ìdógò àti títà kò dúró. Ní 1989, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ fagi lé ìdógò kan tí Savannah Bank gbà lọ́wọ́ Ajilo nítorí èyí, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó yá owó gan-an ni ó gbé ẹjọ́ náà lọ. A kò gbóríyìn fún un.

Ẹ̀yìnkùlé ńkọ́? Gbogbo ilẹ̀ tí ó wà nínú ìwé ni olówó dì mú, kì í ṣe yàrá nìkan. Ẹni tí ó bá dá ìdajì rẹ̀ tà láìsọ fún olówó ti ta gbèsè fún ẹni ẹlẹ́ni. Kí olówó kọ́kọ́ fi ìwé yọ̀ǹda apá náà, kí awọnlẹ̀ ya àwòrán tuntun, kí owó títà sì lọ sórí gbèsè. Kí a sì má ta ọ̀nà tí a ń gbà jáde sí títì. Ilé ìfowópamọ́ kì í béèrè ibi tí a sin baba wa sí. Àwa ni kí a fi í han awọnlẹ̀ kí ó tó ri òkúta ààlà mọ́lẹ̀.