Màmá Àníkẹ́ Agbájé-Williams, Obìnrin Tí Ojú Rẹ̀ Kọ́kọ́ Hàn Lórí Amóhùnmáwòrán Ìbàdàn

Ẹni tí ó bá gbéra láti Bódìjà, tí ó sì gba iwájú Sẹkitéríàtì kọjá, kò ní pẹ́ dé Àgodi, níbi tí ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán NTA Ìbàdàn wà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti kọjá níbẹ̀ láìmọye ìgbà láìrántí pé ilé-iṣẹ́ yìí ni ó rọ́pò WNTV, èyí tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959. Bí a bá sì dárúkọ WNTV, orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ẹnu. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú Olóyè ni àwọn òǹwòran kọ́kọ́ rí nínú àpótí náà. Ojú obìnrin ni wọ́n rí, ojú Àníkẹ́ Agbájé-Williams.

A ní láti sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1953, lẹ́yìn tí Olóyè Anthony Enahoro ti gbé àbá òmìnira síwájú ilé aṣòfin ní Èkó, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Action Group sì jáde kúrò nínú ìjókòó, Gómìnà Macpherson bá wọn wí lórí rédíò ìjọba. Awólọ́wọ̀ béèrè pé kí wọ́n fún òun náà láàyè láti fèsì lórí rédíò kan náà. Wọn kò fún un. Àwọn àgbà wa kò kúkú ṣèèṣì pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Láti ìgbà náà ni ó ti pinnu pé ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn yóò ní ohùn tirẹ̀. Òfin ọdún 1954 ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún un, ilé-iṣẹ́ Overseas Rediffusion láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì bá ìjọba da owó àti ìmọ̀ pọ̀. Ìjọba yìí kan náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọdún 1955, wọ́n sì fẹ́ kí amóhùnmáwòrán ran àwọn olùkọ́ lọ́wọ́.

Ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún 1936 ni a bí Màmá Àníkẹ́. Nígbà tí WNTV bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ mẹ́jọ péré ni ó ti kọjá tí wọ́n pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Ìwọ̀n ọmọbìnrin tí ọ̀pọ̀ ẹbí nígbà náà kò tilẹ̀ ní jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ níbi tí àwọn àgbà bá jókòó sí ni a fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́, pé kí ó kí gbogbo ìlú káàbọ̀.

Àríyànjiyàn kan wà tí a fẹ́ là. Àwọn kan a máa sọ pé Ọ̀gbẹ́ni Kúnlé Ọlásọpé ni ẹni àkọ́kọ́, àwọn mìíràn a ní Màmá Àníkẹ́ ni. Kò sí ìjà níbẹ̀. Màmá ni ojú àkọ́kọ́, ẹni tí ó kéde fún àwọn òǹwòran. Ọlásọpé ni ọkùnrin àkọ́kọ́, òun ni ó sì kọ́kọ́ ka ìròyìn. Ohun tí a kò fara mọ́ ni bí àwọn ènìyàn kan ṣe ń fojú kéré iṣẹ́ akéde, bí ẹni pé kí a rẹ́rìn-ín músẹ́ nìkan ni. Púpọ̀ nínú ètò ìgbà náà ni ó ń lọ ní ojú-ẹsẹ̀. Àṣìṣe tí ó bá ti jáde lẹ́nu ti dé ilé àwọn òǹwòran. Bí fíìmù bá já, akéde ni yóò jókòó síwájú kámẹ́rà tí yóò máa fi ọ̀rọ̀ dí àyè náà títí wọn yóò fi so ó. Ẹni tí ó bá ti dìde ka ẹ̀kọ́ Bíbélì níwájú ìjọ rí mọ bí àyà ti ń já, bẹ́ẹ̀ òun sì ń rí ojú àwọn tí ó ń gbọ́ ọ. Akéde kò rí ẹnì kankan.

Ní ti àkọlé tí WNTV fi ń yangàn, pé àwọn ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà, òtítọ́ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Amóhùnmáwòrán kan ti wà ní Casablanca ní ilẹ̀ Mòrókò ní ọdún 1954, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pẹ́ kí ó tó kógbá sílé, àwọn Faransé sì ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní Àlùjíríà ní ọdún 1956. Ṣùgbọ́n ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, Ìbàdàn ló ṣáájú. Ìlà-Oòrùn kò bẹ̀rẹ̀ tiwọn títí di ọjọ́ òmìnira ní 1960. Kàdúná àti ti ìjọba àpapọ̀ ní Èkó sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1962.

Màmá kò dá wà níbẹ̀ pẹ́. Julie Coker, ẹni tí ó gba adé ẹwà Ìwọ̀-Oòrùn ní ọdún 1957, bá wọn ní WNTV, ó sì di ìlúmọ̀ọ́ká akàròyìn lẹ́yìn náà ní Èkó. Ní ti Màmá Àníkẹ́, Ìbàdàn ni wọ́n jókòó sí. Wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ náà nígbà tí a kọ́ Ilé Kòkó sí Dùgbẹ̀, wọ́n wà níbẹ̀ nígbà ogun abẹ́lé, wọ́n sì tún wà níbẹ̀ nígbà tí ìjọba ológun kó gbogbo ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán pọ̀, tí a sì yí orúkọ WNTV padà sí NTA Ìbàdàn.