Ìyípadà Ẹ́ntálpì: Ìṣírò Ooru Nídìí Agbada Gààrí

Ìṣírò ìyípadà ẹ́ntálpì ni a fi ń mọ iye ooru tí nǹkan gbà, tàbí tó tú sílẹ̀, nígbà tó bá ń gbóná, tó ń tutù, tó ń yọ́ tàbí tó ń gbẹ, tí ìfúnpá tó wà lórí rẹ̀ kò sì yí padà. Ìkòkò tí kò ní ọmọrí ni àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù. Afẹ́fẹ́ ayé nìkan ló ń tẹ ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí náà iye ooru tó bá wọ inú rẹ̀ gan-an ni ìyípadà ẹ́ntálpì rẹ̀. ΔH ni àmì rẹ̀ nínú ìwé, júùlù (J) tàbí kílójúùlù (kJ) sì ni a fi ń wọ̀n ọ́n.

Ìjoun jẹ́ ìlú àgbẹ̀ ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Yewa, ìpínlẹ̀ Ògùn, lápá ààlà ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ẹ̀gẹ́ wà lára ohun tí wọ́n ń gbìn ní agbègbè náà, gààrí àti láfún ni wọ́n sì ń fi ṣe. Yíyan gààrí ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ níbí, torí pé ó ṣòro láti rí iṣẹ́ mìíràn tó fi ìṣírò yìí hàn kedere tó o.

Ọ̀nà méjì ni ooru ń gbà wọ inú nǹkan. Èkíní, ó lè mú kí nǹkan náà gbóná sí i. A ó mú ìwọ̀n rẹ̀ ní kìló (m), iye ooru tí kìló kan rẹ̀ ń gbà kó tó fi dígírì kan gbóná (c), àti iye dígírì tó fi gbóná (ΔT), a ó sì sọ wọ́n di púpọ̀ lára wọn: ΔH = m × c × ΔT. Omi ń gba ooru púpọ̀, 4.18 kJ fún kìló kan ní dígírì kan. Yìnyín ń gba nǹkan bí 2.1, omi tó ti di afẹ́fẹ́ ń gba bí 1.9, ẹ̀gẹ́ gbígbẹ kò sì ju bí 1.5 lọ. Èkejì, ooru lè máa wọlé láìjẹ́ pé nǹkan náà gbóná sí i rárá, nítorí pé ipò rẹ̀ ló ń yí: yìnyín ń di omi, omi ń di afẹ́fẹ́. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, ΔH = m × L, tí L jẹ́ iye ooru tí kìló kan ń gbà kí ipò rẹ̀ tó yí. Kìló yìnyín kan ń gba 334 kJ kó tó yọ́ tán ní 0°C, kìló omi kan sì ń gba 2,257 kJ kó tó di afẹ́fẹ́ ní 100°C.

Joseph Black, onímọ̀ kẹ́mísìrì ní Yunifásítì Glasgow, ló kọ́kọ́ wọn ooru èkejì yìí dáadáa, ní nǹkan bí ọdún 1761. Èrò àwọn ènìyàn nígbà náà ni pé bí yìnyín bá ti dé ibi tó ti ń yọ́, ooru díẹ̀ ni yóò yọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Black rí i pé ooru ń wọlé, síbẹ̀ tẹmómítà kò kúrò lójú kan títí yìnyín fi yọ́ tán. Ó pè é ní ooru tó fara pamọ́.

Nídìí agbada, ooru tó fara pamọ́ yìí ló ń jẹ igi. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bó ẹ̀gẹ́, tí wọ́n fọ̀ ọ́, tí wọ́n sì rin ín, wọn á rọ ọ́ sínú àpò, wọn á gbé òkúta lé e tàbí kí wọ́n fi jáàkì tẹ̀ ẹ́ kí omi rẹ̀ lè ṣàn jáde. Wọn á wá fọ́ ọ, wọn á jọ̀ ọ́, wọn á dà á sínú agbada gbígbóná, wọn á sì máa fi àfọ́kù igbá yí i. Ẹni tó bá dúró tì wọ́n yóò rí i pé èéfín funfun kì í dáwọ́ dúró títí gààrí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ lára igbá.

Ká sọ pé ẹ̀gẹ́ rírin kìló 10 ló wọ agbada, tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ omi: omi kìló 5, ẹ̀gẹ́ gbígbẹ kìló 5. Gààrí tó gbẹ dáadáa ṣì ní omi bí ìdá kan nínú mẹ́wàá, nítorí náà kìló 4.44 omi ló gbọ́dọ̀ lọ. Láti 30°C dé 100°C, omi yóò gba 5 × 4.18 × 70, ìyẹn 1,463 kJ. Ẹ̀gẹ́ gbígbẹ yóò gba 5 × 1.5 × 70, ìyẹn 525 kJ. Omi tó ń di afẹ́fẹ́ yóò gba 4.44 × 2,257, nǹkan bí 10,020 kJ. Àpapọ̀ rẹ̀ sún mọ́ 12,000 kJ, gbígbẹ omi nìkan ló sì gba ohun tó ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ lọ. (Ooru tí sítáàṣì ń gbà nígbà tó bá ń jinná kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí, a kò kà á.)

Igi gbígbẹ kìló kan ń mú nǹkan bí 16,000 kJ jáde. Bí gbogbo rẹ̀ bá wọ agbada, igi tí kò tó kìló kan ti tó. Ṣùgbọ́n ààrò olókùúta mẹ́ta kì í fi ju nǹkan bí ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ooru náà ránṣẹ́ sókè. Atẹ́gùn àti èéfín ló ń kó ìyókù lọ, ojú ẹni tó ń yan án sì ń gba tirẹ̀. Igi kìló 5 sí 7.5 ló máa gbà.

Wàyí o, ká ní wọn kò tẹ̀ ẹ́ dáadáa, tí omi ṣì jẹ́ ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀gẹ́ gbígbẹ kìló 5 yẹn kan náà yóò wọ agbada pẹ̀lú omi kìló 7.5, àpapọ̀ ooru yóò sì gòkè dé nǹkan bí 18,400 kJ. Ó ti fi ìdajì ju ti àkọ́kọ́ lọ, gààrí kò sì fi ife kan pọ̀ sí i. Omi tí jáàkì lé jáde, omi ló ṣì jẹ́ nígbà tó ń lọ. Kò di afẹ́fẹ́, kò sì gba 2,257 kJ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ̀rọ̀ ààrò ìgbàlódé, ó sì dára, àmọ́ jáàkì tó le ló yẹ kó ṣáájú rẹ̀. Ó sì ní ibi tó mọ o: ẹ̀gẹ́ tó bá gbẹ jù kó tó dé agbada kì í jinná dáadáa, ìyẹ̀fun ló máa ń dà.

Oòrùn ló ń gbẹ láfún ní tirẹ̀, omi rẹ̀ kì í sì í hó. Ní 30°C, omi kìló kan ń gba nǹkan bí 2,430 kJ kó tó fò lọ, èyí tó ju ti 100°C lọ. A lè yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀nà mìíràn. Mú omi náà gòkè dé 100°C (293 kJ), sọ ọ́ di afẹ́fẹ́ níbẹ̀ (2,257 kJ), kí o wá jẹ́ kí afẹ́fẹ́ náà tutù padà sí 30°C, yóò sì dá nǹkan bí 132 kJ padà. Ohun tó kù ni 2,418 kJ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba. Ibi tí nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí ni ẹ́ntálpì ń wò, kì í wo ọ̀nà tó gbà. Germain Hess ló fi èyí lélẹ̀ ní ọdún 1840 fún ìyípadà kẹ́míkà.

Òfin Hess yìí náà ló jẹ́ ká lè fi ìyípadà kẹ́míkà kún ìṣírò kan náà. Ní Ibese, tó wà ní Àríwá Yewa bákan náà, tí wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Dangote ní ọdún 2012, òkúta ẹfun ni wọ́n ń sun. Mímú kìló kan rẹ̀ gbóná dé 900°C ń gba nǹkan bí 1,000 kJ. Pípínyà rẹ̀, tí kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì fi ń jáde, tún ń gba nǹkan bí 1,660 kJ lé e.

Epo pupa ni kò gba ìṣírò m × L yìí wọ́ọ́rọ́. Oríṣiríṣi ọ̀rá ló wà nínú rẹ̀, wọn kì í sì í yọ́ pa pọ̀, ìdí nìyẹn tí apá kan fi ń dì nínú kẹ́ẹ̀gì tí apá kejì ṣì ń ṣàn. Wíwọ̀n ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n ní ilé ìṣàyẹ̀wò, dígírì sí dígírì.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń múra ìdánwò, ẹ ṣọ́ òṣùwọ̀n. Ìwé sábà máa ń kọ c ní júùlù fún gíráàmù kan, kó sì kọ ooru gbígbẹ omi ní 40.7 kJ fún móòlù kan, ìyẹn gíráàmù 18. Ẹ kọ́kọ́ sọ wọ́n di òṣùwọ̀n kan náà kí ẹ tó rò wọ́n pọ̀.