Ilẹ̀ Tí Wọ́n Fi Orúkọ Ọmọ Rà

 Ọ̀pọ̀ yín ló ti ra ilé s'Amẹ́ríkà, ẹ fọwọ́ síwèé, wọ́n fún yín ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ má rò pé bó ṣe rọrùn fún gbogbo àjèjì láti ọjọ́ tó ti pẹ́ nìyẹn.

Lọ́dún 1913, ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà ṣòfin pé àjèjì tí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti di ọmọ Amẹ́ríkà kò gbọdọ̀ ra ilẹ̀, pàápàá ilẹ̀ oko. Wọn ò dárúkọ ẹ̀yà kankan. Àmọ́ òfin ìjọba àpapọ̀ nígbà náà ni pé aláwọ̀ funfun, àti láti 1870 ẹni tó ṣẹ̀ wá láti Áfíríkà, ló lè gbàwé ọmọ onílùú. Ará Japan ò sí nínú méjèèjì, àwọn gan-an ni òfin náà ń bá wí. (Ìyẹn ni pé òfin yẹn ò di aláwọ̀ dúdú lọ́wọ́. Lórí ìwé ni mo wí o.)

Àwa náà kúkú mọ ọ̀rọ̀ àjèjì àti ilẹ̀. Àtọ̀húnrìnwá á tọ onílẹ̀ lọ, wọ́n á fi ibi tó máa dáko hàn án, á máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Ilẹ̀ ò di tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè dáko níbẹ̀ títí dé ọmọ ọmọ. Ti Kalifọ́níà le ju ìyẹn lọ. Òfin 1913 ní wọn ò gbọdọ̀ rẹ́ǹtì oko ju ọdún mẹ́ta lọ. Nígbà tó di 1920, àwọn olùdìbò ní kò tún sí rẹ́ǹtì mọ́.

Ohun tí bàbá kọ̀ọ̀kan wá ṣe, ẹ̀yin náà ìbá ṣe é. Ọmọ tí wọ́n bí s'Amẹ́ríkà, ọmọ Amẹ́ríkà ni, ó lè nílẹ̀. Jukichi Harada fi orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ra ilé ní Riverside lọ́dún 1915. Ìpínlẹ̀ pè é lẹ́jọ́, adájọ́ sì dá àwọn ọmọ láre ní 1918.

Ti Kajiro Oyama ló dùn mí jù. Ní 1934 ó ra oko eékà mẹ́fà nítòsí San Diego, ó fi orúkọ Fred, ọmọ rẹ̀, síwèé. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Fred. Ogun dé, ní 1942 wọ́n lé àwọn ará Japan kúrò l'étíkun, ìdílé Oyama náà bá wọn lọ. Wọn ò tíì padà sílé tí ìpínlẹ̀ fi lọ sí kóòtù ní 1944 láti gba oko náà. Wọ́n ní bàbá ló sanwó, ọmọ kàn yá a lórúkọ lásán ni. Bẹ́ẹ̀, bí bàbá mìíràn bá sanwó ilẹ̀ ọmọ rẹ̀, ẹ̀bùn ni òfin máa pè é.

Ní 1948, adájọ́ mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ l'Amẹ́ríkà dá Fred láre: wọn ò gbọdọ̀ torí ìlú bàbá rẹ̀ fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú. Ṣùgbọ́n wọn ò pa òfin yẹn. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Kalifọ́níà fúnra rẹ̀ ló pa á ní 1952, nínú ẹjọ́ Sei Fujii, àwọn olùdìbò sì pa á rẹ́ kúrò nínú ìwé ní 1956.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Houston àti Dallas, ìdí tí mo fi ń sọ eléyìí rèé. Láti oṣù kẹsàn-án 2025, Texas náà ti ní òfin tirẹ̀ lórí àjèjì àti ilẹ̀. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin ló kàn: China, Iran, Russia àti North Korea. Nàìjíríà ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka òfin náà dáadáa: ó fún gómìnà lágbára láti fi orúkọ orílẹ̀-èdè mìíràn kún un.