Ìdì Dátà Tó Sọnù Lójú Afẹ́fẹ́: Ìtàn TCP Títí Dé Tina Junction, Jos

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti kún." Gbólóhùn yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu àwa olùkọ́. Ẹni tó dúró ní Tina Junction, tó ń fi fóònù gba fáìlì iṣẹ́ kíláàsì, tí fáìlì náà ń rá pálá, òun náà ni yóò sọ. Ìtàn fi hàn pé kì í fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀, àwa tí a sì ń kọ́ olùkọ́ ọ̀la ní kọ̀ǹpútà ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

Ní 1974 ni Vinton Cerf àti Robert Kahn tẹ àlàyé ìlànà tó di TCP jáde. Rédíò wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: ní oṣù kọkànlá 1977, ọkọ̀ kan tó gbé rédíò ń rìn lójú títì ní California, dátà rẹ̀ sì gba inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì mẹ́ta kọjá. Ó yà wá lẹ́nu pé ohun tí wọ́n fi rédíò dán wò ní kékeré ni rédíò wá ń dà láàmú lẹ́yìn náà.

Ọdún 1986 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Láàárín ilé ìwádìí Lawrence Berkeley àti Yunifásítì California ní Berkeley, tí kò ju nǹkan bí 400 yáàdì síra wọn, ìyára dátà já láti 32,000 bíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan sí 40 péré. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ gidi ni. Van Jacobson gbé oògùn rẹ̀ jáde ní 1988: bí ìdì dátà kan bá sọnù, kí TCP gbà pé ọ̀nà ti dí, kí ó dín ẹrù kù, kí ó sì máa fi í kún díẹ̀díẹ̀. Lórí wáyà, òótọ́ ni, nítorí wáyà kì í sábà ba dátà jẹ́. Ṣùgbọ́n lójú afẹ́fẹ́, òkè, ògiri, ìrìn ẹni tó mú fóònù dání, tàbí rédíò ẹlòmíràn lè ba ìdì jẹ́ nígbà tí ọ̀nà ṣófo. TCP yóò ṣe bí awakọ̀ tí ẹrù kan já bọ́ lórí ọkọ̀ rẹ̀, tó wá rò pé gòólóò wà níwájú, tó sì tẹ búréèkì.

Ní 1995, Hari Balakrishnan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Berkeley gbé Snoop kalẹ̀: ibi tí wáyà ti pàdé rédíò ni wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀dà ìdì kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá sọnù, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tún un fi ránṣẹ́, láìjẹ́ kí olùfiránṣẹ́ mọ̀. Ọgbọ́n tó dára ni, àmọ́ bí wọ́n bá ti fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí bo orí ìdì, Snoop kò rí nǹkan kà mọ́. Ní 2016, Google gbé BBR jáde, èyí tó ń wọn ìyára ọ̀nà àti àkókò àlọ-àbọ̀ dípò kí ó máa ka òfò.

Nílẹ̀ wa, GSM dé ní oṣù kẹjọ 2001. Ní Kafanchan, tí kò jìnnà sí Jos, Fantsuam Foundation dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì aláìlówáyà tí wọ́n ń pè ní Zittnet sílẹ̀ fún ará ìlú. Irú ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ WiLDNet ti 2007 dojú kọ: bí wọ́n ṣe yí ọ̀nà tí Wi-Fi ń gbà dúró de èsì padà, ìyára di ìlọ́po 2 sí 5, ilé ìwòsàn ojú Aravind ní Íńdíà sì lò ó.

Nítorí náà, a dábàá pé kí kíláàsì NCE ya òfò tí èrò púpọ̀ fà sọ́tọ̀ kúrò lára òfò tí afẹ́fẹ́ fà. Òpó tuntun lè wo ti àkọ́kọ́. Kò dájú pé yóò wo ìkejì.