Láti LILO dé GRUB: Ìdí tí Kọ̀ǹpútà Linux fi ń Kọ̀ láti Jí Lẹ́yìn Ìpààrọ̀ Èkùrọ́ Rẹ̀

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí ni ìṣòro kan tí ó ti bá Linux láti ìgbà èwe rẹ̀, tí kò sì tíì tán nílẹ̀: ènìyàn pààrọ̀ kernel kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí tuntun, ó pa ẹ̀rọ, ó tún un tàn, ẹ̀rọ kò sì jí mọ́. Kernel ni ètò tí ó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, tí ó ń pín iyè ẹ̀rọ àti iṣẹ́ fún àwọn ètò yòókù. Èkùrọ́ ni a ó máa pè é níhìn-ín. Inú ni òun náà wà, ojú kì í sì í rí i.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni Linus Torvalds, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki, kéde iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ní oṣù kẹsàn-án ni ẹ̀dà 0.01 jáde. Ṣùgbọ́n èkùrọ́ kò lè jí ara rẹ̀. Ètò kékeré kan gbọ́dọ̀ gbé e láti inú dísìkì wá sínú iyè ẹ̀rọ. LILO, tí Werner Almesberger kọ, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn lò fún iṣẹ́ yìí ní àwọn ọdún 1990.

LILO kò mọ orúkọ fáìlì kankan. Àkọsílẹ̀ ibi tí èkùrọ́ wà lórí dísìkì ni ó ń tẹ̀ lé, bí ó ti rí ní ọjọ́ tí a pa àṣẹ lilo kẹ́yìn. Ẹni tí ó bá gbé èkùrọ́ tuntun wọlé tí ó gbàgbé láti tún àṣẹ náà pa dà bí ẹni tí ó kó kúrò nílé láìsọ fún oníṣẹ́: oníṣẹ́ yóò dé ilé àtijọ́, ohun tí ó bá bá níbẹ̀ ni yóò gbé. Nígbà mìíràn, èkùrọ́ tí a ti pa rẹ́ a ṣì jí, nítorí pé ohunkóhun kò tíì gba ààyè rẹ̀. Èyí sì máa ń tan ènìyàn jẹ.

Ohun tí ó wù wá jù nínú LILO ni pé lẹ́tà orúkọ rẹ̀ ni ó fi ń ròyìn ìrìn rẹ̀. L kìíní fi hàn pé apá kìíní ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. I fi hàn pé apá kejì ti wọ inú iyè. L kejì fi hàn pé apá kejì náà ti ń ṣiṣẹ́, O sì ni àṣepé. Ẹni tí ó bá rí LI nìkan lójú ẹ̀rọ mọ̀ pé apá kejì dé ṣùgbọ́n kò lè ṣiṣẹ́, bóyá nítorí pé a ṣí fáìlì rẹ̀ nípò láìtún àṣẹ pa.

Erich Boleyn bẹ̀rẹ̀ GRUB ní ọdún 1995. GRUB lè ka dísìkì fúnra rẹ̀, ó ń fi orúkọ wá èkùrọ́, ó sì ń to ti àtijọ́ mọ́ tuntun kí ènìyàn lè yan èyí tí ó wù ú. Àrùn LILO tán, òmíràn wọlé. Àwọn ètò tí èkùrọ́ fi ń bá dísìkì sọ̀rọ̀ sábà máa ń wà nínú àpò kan tí a ń pè ní initramfs. Bí ààyè bá kún ní /boot nígbà ìpààrọ̀, àpò náà lè má pé. Èkùrọ́ yóò jí, kò ní rí ilé, yóò sì ké: "VFS: Unable to mount root fs on unknown-block(0,0)". Òdo méjì yẹn ni kí a máa wò: èkùrọ́ kò dá dísìkì kankan mọ̀. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: a ó yan èkùrọ́ àtijọ́, a ó yọ èyí tí kò wúlò mọ́ kúrò ní /boot, a ó sì tún àpò náà dì, update-initramfs ní Debian, dracut ní Fedora.

Ní ìparí oṣù keje ọdún 2020, nígbà tí a tú àléébù GRUB tí a pè ní BootHole síta, ọ̀nà yìí kò ran àwọn kan lọ́wọ́. Àwọn ẹ̀rọ Red Hat Enterprise Linux àti CentOS kan gba ìsọdọ̀tun, wọn kò sì jí mọ́. Èkùrọ́ kò jẹ̀bi. Shim, ètò kékeré tí ó ṣáájú GRUB, ni ó ní àbùkù, nítorí náà ojú ewé tí a ti ń yan èkùrọ́ kò tilẹ̀ yọjú. Àfi kí wọ́n fi dísìkì mìíràn jí ẹ̀rọ, kí wọ́n wọ inú rẹ̀, kí wọ́n sì dá shim padà sí ẹ̀dà àtijọ́.